Ìjàpá Tó Kọ̀ Tí Kò Jí: Bá A Ṣe Wá Àìsàn Ọkọ̀ Àtijọ́ Kan Rí ní Ajah

Tí Corolla yín bá ṣàìsàn lónìí, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì á ki sikánà bọ abẹ́ sítíà, ọkọ̀ náà á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Ọkọ̀ àtijọ́ ò lẹ́nu. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní sẹ́ńsọ̀, kò sí ihò kankan téèyàn lè ki nǹkan bọ̀. Irin, waya, rọ́bà àti bẹntiróòlù ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó ní. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Tó bá kọ̀ tí kò sítáàtì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bi í léèrè, ìbéèrè tó bá sì mọ́gbọ́n dání nìkan ló máa dá lóhùn.

Volkswagen Beetle ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kaduna. Owó Udójì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àpò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, kò sì pẹ́ tí tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé fi di onímọ́tò. Lágbàáyé, Ìjàpá tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21 kí wọ́n tó ṣe ìkẹyìn rẹ̀ ní Puebla, ní Mexico, ní oṣù Keje ọdún 2003. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ó ní sìlíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Kò lo omi rárá. Atẹ́gùn ló ń tù ú.

Ẹni tó ni èyí tí mo ń wí jẹ́ tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nínú ẹsìtéètì kan lójú ọ̀nà Badore. Ọdún 1979 ló ra ọkọ̀ náà ní tuntun. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó bẹntiróòlù fò sókè, Bàbá gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń wọ kòrópe kiri. Oṣù mẹ́jọ ló fi dúró síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa padà sídìí ẹ̀, kò dáhùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹsìtéètì: ọkọ̀ tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láàárín ọjọ́ 14, wọ́n á wọ́ ọ jáde. Àwọn tó ń ra kóńdẹ́mú irin gbọ́, wọ́n wá fojú wọn ọkọ̀ náà, wọ́n dá owó lé e. Bàbá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé irin ni wọ́n fẹ́ rà ni, àbí ọdún márùndínláàádọ́ta mi?"

Kí n tó débẹ̀, mẹkáníìkì mẹ́ta ti wá. Ẹni àkọ́kọ́ ní bátìrì ti kú, Bàbá ra tuntun. Ẹnì kejì ní kíìkì-sítátà ni, wọ́n ra Belgium kan ní Ládípọ̀. Ẹnì kẹta tẹ́tí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà lọ́ra-lọ́ra, ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí wọ́n jẹ́ kóun sọ ọ́ kalẹ̀. Mi ò bú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí o, ọ̀pọ̀ wọn ò rí Ìjàpá fọwọ́ kàn rí. Ohun tó ká mi lára ni pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó fi mítà kan nǹkan kan. Kí á máa pààrọ̀ nǹkan títí àìsàn á fi lọ, tẹ́tẹ́ nìyẹn, owó Bàbá ni wọ́n sì fi ń ta á.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, ì báà jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ilé yín, ohun mẹ́ta ló ń bèèrè: epo tó pò mọ́ atẹ́gùn níwọ̀n tó tọ́, kí písítìn fún un mọ́ra dáadáa, àti sípáàkì tó dé lásìkò. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ó gbọ́dọ̀ jí. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ìdí ìkankan nínú wọn, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí kíá ná, ti Bàbá ò sì yí kíá.

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Mo gbé àga náà kúrò, mo fi mítà sí i: fóòtì 12.5. Bátìrì dára. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí kọ́kọ́rọ́." Bí wọ́n ṣe yí i, ó bọ́ sí 10.4. Ìyẹn náà ò burú, tí kò bá ṣáà ti lọ sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí kíìkì-sítátà ń fa iná. Mo wá lọ wọn iná tó ń dé ara kíìkì-sítátà gan-an lábẹ́ ọkọ̀. 7.5 péré ni! Fóòtì tó tó mẹ́ta ti sọnù lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná kì í sọnù lásán, ibi kan ló ti di ooru.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ó máa wúlò fún yín lórí ọkọ̀ èyíkéyìí, lórí inverter ilé yín pàápàá. Téèyàn bá fẹ́ mọ ibi tí fóòtì ń jò sí, kì í ṣe wáyà ló máa tú. Á fi ẹnu mítà kan síbi tí iná ti gbéra, á fi ìkejì síbi tó ń lọ, ẹnì kan á sì máa yí kọ́kọ́rọ́. Tí ọ̀nà náà bá mọ́, mítà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ka òdo. Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì dé kíìkì-sítátà, mo rí 0.3. Kò burú. Láti orí nẹ́gátíìfù dé ara irin ẹ́ńjìnnì, mo rí 2.6. Ọwọ́ tẹ olè.

Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá orí rọ́bà ni wọ́n jókòó sí kó má baà gbo ọkọ̀ jìgìjìgì, rọ́bà ò sì gbé iná. Ọ̀nà tí iná fi ń padà sí bátìrì ni okùn bàbà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n hun bí irun, tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀. Waya ẹ́ẹ̀tì ni àwọn rewáyà ń pè é. Mo gbé ọkọ̀ sórí sítáńdì (ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, mo bẹ̀ yín), mo sì bá a níbẹ̀: ó ti di àwọ̀ ewé, bóòtì tó dè é ti dógùn-ún kọjá àlà.

Ẹ wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ. Ká ní kíìkì-sítátà ń fa ámpì 150. Ẹ pín 2.6 sí 150, ìdènà tó wà lójú ọ̀nà ò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ohm. Ohun tí ojú ò rí, tí mítà ohm gan-an ò lè kà dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ámpì 150 bá gba ibẹ̀ kọjá, ó tó láti pa ọkọ̀. Òun ló jẹ́ pé àwọn tó wá tanná iwájú, tí wọ́n rí i tó mọ́lẹ̀ kedere, rò pé waya ò ní àrùn. Iná iwájú ò tilẹ̀ gba ọ̀nà ẹ́ńjìnnì yẹn kọjá. Tó bá sì gbà á, ámpì mẹ́jọ péré ló ń fà, àdánù rẹ̀ ò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún fóòtì. Iná iwájú tó mọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà mọ́ fún kíìkì-sítátà.

Kí ló wá jẹ waya náà? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Lekki sí Ajah: òkun Atlantic lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Ìgbì òkun ń fọ́n omi kéékèèké sáfẹ́fẹ́, omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù, atẹ́gùn á gbé e wọ àdúgbò. Iyọ̀ sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Tí irin àti bàbà bá fara kanra, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, bátìrì kékeré kan ló bí síbẹ̀ yẹn, irin ló sì máa fi ara rẹ̀ san owó iná. Oṣù mẹ́jọ láìrìn ti tó fún un láti jẹun yó. Ọkọ̀ kan náà ní Ọ̀yọ́ ìbá lo ọdún púpọ̀ sí i.

Okùn ẹ́ẹ̀tì tuntun, sáńpépà láti ha irin títí tó fi ń dán, gírísì díẹ̀ lé e lórí. 2.6 di 0.2. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí wìrìwìrì bí ọmọ ọdún méjì. Kíìkì-sítátà àtijọ́ tí wọ́n tú dànù ò ní nǹkan kan tó ṣe é.

Àmọ́ kò tíì jí o.

Mo tú waya púlọ́ọ̀gì kan, mo fi púlọ́ọ̀gì mìíràn sí i lẹ́nu, mo fi rọ́bà dì í mú, mo jẹ́ kí ara rẹ̀ kan irin. Sípáàkì wà, àmọ́ ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò lágbára. Sípáàkì tó péye máa ń ní àwọ̀ búlúù, ó sì máa ń dún.

Bí sípáàkì ṣe ń wáyé nínú ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù láyé. Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní bí ọdún 1910, òun kan náà ló ṣe kíìkì-sítátà oníná tó wọ inú Cadillac ọdún 1912. Bátìrì ò lè fún wa ju fóòtì 12 lọ, púlọ́ọ̀gì sì ń fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kọ́ìlì ni alágbàtà. Waya méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan nípọn, ó yí ìgbà díẹ̀, ìkejì tín-ín-rín, ó yí tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Tí iná bá ń gba inú waya tó nípọn, òòfà á kún inú kọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá wá já iná yẹn lójijì, òòfà náà á wó lulẹ̀, bó ṣe ń wó ni yóò bí iná tó tó fóòtì 20,000 nínú waya tín-ín-rín. Ohun tí Michael Faraday rí ní 1831 nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé jíjá iná ló ń bí sípáàkì.

Ẹni tó ń já iná ọ̀hún ni contact set, irin kékeré méjì inú dìsìtíríbútọ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé, ìgbà méjì fún yíyí kọ̀ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì bá yí. Àlàfo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 0.4 nígbà tí wọ́n bá ṣí dé góńgó. Ti Bàbá ò tó ìdajì ìyẹn, ojú rẹ̀ sì ti dúdú. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un dè pẹ̀lú irin ìwọ̀n tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Sípáàkì di búlúù. Pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́.

Ó wá ku epo. Mo ṣí táǹkì, mo gbóòórùn, imú mi ti dá mi lóhùn: bí ọ̀dà ni, kì í ṣe bí epo. Bẹntiróòlù kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, àdàlú ni. Àwọn apá rẹ̀ tó fúyẹ́ a máa fò lọ láti bí ooru 35°C, àwọn náà sì ni ẹ́ńjìnnì tutù fi ń jí. Tí epo bá dúró fún oṣù mẹ́jọ nínú ooru wa yìí, àwọn yẹn ti bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí oje igi. Ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kàbúrétọ̀, èyí tí ọkọ̀ fi ń mí nígbà tẹ́sẹ̀ ò sí lórí tírótù, ò ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Oje tíńtín ti tó láti dí i. A fa epo àtijọ́ jáde, a fọ kàbúrétọ̀, a fi atẹ́gùn fẹ́ jẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi waya gún un o: idẹ rọ̀, ihò á fẹ̀, ọkọ̀ á sì máa mu epo bí ẹmu.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ lọ́jọ́ náà. Rọ́bà epo tó ti inú irin ọkọ̀ wá sí pọ́ńpù ti là wẹ́wẹ́, òkè ẹ́ńjìnnì ló sì gbà, nítòsí dìsìtíríbútọ̀ tó ń ta sípáàkì. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó jóná kárí ayé, ọ̀nà tí iná gbà wọlé nìyẹn. Ọtí inú epo náà máa ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Ẹ ò gbàgbé bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú ẹ̀ tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tí ìjọba ní kí wọ́n kó kúrò lọ́jà? Tí ọkọ̀ yín bá ti ju ogún ọdún lọ, ẹ pààrọ̀ rọ́bà epo lónìí, kì í ṣe lọ́la, owó rẹ̀ ò tó owó súyà.

Epo tuntun, rọ́bà tuntun. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wúkọ́, ó jí. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì ju ṣíbí sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn lẹ́tà, a gbé e jáde fún ìdánwò. Ajah, abẹ́ afárá, VGC, Ìkọ̀tá, ó ń lọ geerege. A ń sún mọ́ Jakande, aago méjì ọ̀sán, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, oòrùn bí iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì, ó kú. Àwọn agbérò tó wà lẹ́bàá wa ti mọ àrùn rẹ̀ tán: "Epo ló ń hó! Ẹ da omi sí pọ́ńpù!"

Wọn ò purọ́ pátápátá. Bẹntiróòlù lè di afẹ́fẹ́ nínú pọ́ńpù, pọ́ńpù ò sì lè fa afẹ́fẹ́ bó ṣe ń fa epo. Nínú sún-kẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ń yí lọ́ra, fáànù tí fánbẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ń yí á máa fẹ́ lọ́ra pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun iná kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó gbóná, ó kú, ó tutù, ó jí. Ìgbà tó kú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wádìí, torí tó bá ti tutù, ẹ̀rí ti lọ. Mo ṣí ojú kàbúrétọ̀, mo fa tírótù lẹ́ẹ̀kan, epo tú jáde ṣìn-ìn. Epo wà nìyẹn. Mo wo sípáàkì: òfo. Àwọn agbérò dákẹ́.

Inú àpótí irinṣẹ́ ni mo ní kọ̀ńdẹ́ńsà kan sí, agolo kékeré bí ìka ọwọ́ ọmọdé tó máa ń so mọ́ ara dìsìtíríbútọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba iná mọ́ra fún ìṣẹ́jú àáyá tín-ín-rín nígbà tí contact set bá ń ṣí, kí iná má baà fò kọjá àlàfo náà. Tí kò bá sí i, jíjá iná á di jíjá ẹlẹ́sẹ̀ palaba, òòfà ò ní wó kíá, sípáàkì á rọ. Síkúrù kan, waya kan. Ó jí lójú ẹsẹ̀, nínú oòrùn kan náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n gbà pé òun ni.

Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀ràlọ́ọ̀nù wé kọ̀ńdẹ́ńsà àtijọ́ náà, mo sì wọ̀n ọ́n. Tútù, mítà ohm ò rí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀, bó ṣe yẹ. Mo tì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún un wọ̀n: ohm 40 péré. Tákàdá tó ń ya irin inú rẹ̀ sọ́tọ̀ ti gbó, tí ooru bá sì ti mú un, ó di ojú ọ̀nà fún iná. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù á búra pé ó dára.

Tí òjò bá ń rọ̀, ìjà mìíràn tún ni, torí àgbàrá ọ̀nà wa níbí máa ń ta sókè dé ibi tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Ẹ ṣí ìdérí dìsìtíríbútọ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún nínú lóde. Ọ̀rinrin ló máa ń mú kí sípáàkì rìn lára ìdérí dípò kó lọ sí púlọ́ọ̀gì.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Bàbá fúnra wọn wa ọkọ̀ kọjá níwájú ilé alága ẹsìtéètì, wọ́n sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n má tíì gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ o. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, fóòtì 15.4 ni mo kà lórí bátìrì, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá 14.4. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń fún un jù, omi bátìrì tuntun yẹn á máa hó dànù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àga. Sátidé la máa tú ìyẹn.